"Kò Mọ̀ Ọ́n" Yàtọ̀ sí "Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n": Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí Nínú Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù



Gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó mọ̀ pé bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé, ìwé ìbéèrè ẹ̀yáwó a máa pọ̀ lórí tábìlì. Bí a bá bi ọmọ ẹgbẹ́ léèrè ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe, ìdáhùn kan náà ni a sábà máa ń gbọ́: owó ilé-ìwé, aṣọ ilé-ìwé, ìwé kíkà, owó ìdánwò WAEC. Ohun tí ó dára ni. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹni tí ó ń fi owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ rán ọmọ ní ilé-ìwé kò fi owó ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kò lè ṣe ju pé kí ó gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì lọ. Kò lè bá a wọlé. Ohun tí yóò bá a wọlé ni èrò tí ó ní nípa orí ara rẹ̀, ohun tí ó ń lépa, àti ojú tí ó fi ń wo àwọn tí ó ń ràn án lọ́wọ́. Bí ọmọ bá jókòó sí kíláàsì, tí ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé orí òun kò gba ìwé, owó tí òbí rẹ̀ yóò fi oṣù méjìlá san padà ń jò lọ lójoojúmọ́ bí omi inú ìkòkò tí ó ti sán.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jíròrò lórí ohun mẹ́ta ní ìgbà yìí: ìgbàgbọ́ pé òye ọmọ lè dàgbà, àfojúsùn, àti ìmoore. Bí a bá wò wọ́n dáradára, a ó rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣàjèjì sí wa. Ohun tí a ń ṣe lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ wa ni. Ó kù kí a mú un dé ilé.

ÈKÌTÌ ÀTI Ọ̀RỌ̀ ÌWÉ

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ará Èkìtì bí a ti ń fẹ́ràn ìwé. Ní 1933 ni Àṣídíákónì Henry Dallimore dá ilé-ìwé tí a mọ̀ sí Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000. Ní gbogbo abúlé wa, àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé kà ta kòkó, ó ta iṣu, ó sì jẹ gbèsè, kí ọmọ rẹ̀ lè di akọ̀wé.

Ìfẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Nítorí pé a fẹ́ràn ìwé tó bẹ́ẹ̀, a ti pín àwọn ọmọ wa sí ọ̀nà méjì. A ń pe àwọn kan ní olórí pípé, a sì ń pe àwọn yòókù ní olódo. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kejì yìí dáradára. Òdo jẹ́ máàkì tí ọmọ gbà ní ọjọ́ kan, nínú iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá pe ọmọ ní olódo, a ti ká òdo náà kúrò lórí ìwé, a sì ti fi jẹ ọmọ lóyè. Ìwé a máa gbó, a sì máa sọnù. Oyè kì í kúrò lára olóyè.

Ẹ fi èyí wé ìwé owó ẹgbẹ́ wa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan kò bá rí owó san ní oṣù kan, akápò á kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀. Kò ní pa orúkọ náà rẹ́, kò sì ní yí i padà sí orúkọ mìíràn. Ìlà tí ó wà fún oṣù tí ń bọ̀ ṣí sílẹ̀ fún un. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ mélòó ni ì bá kù nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí a ń yẹ ìwé wọn wò? Bí a ti ń ṣe fún àgbàlagbà tí owó kò bá a mú, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe fún ọmọdé tí ìṣirò kò tíì yé.

ÒYE LÈ DÀGBÀ

Obìnrin onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carol Dweck. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1998, òun àti Claudia Mueller gbé ìwádìí kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Wọ́n fún àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún ní iṣẹ́ kan tí agbára wọn ká. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n yin àwọn kan pé, "O ní làákàyè." Wọ́n yin àwọn mìíràn pé, "O ṣiṣẹ́ takuntakun." Gbólóhùn kan péré ni ó yàtọ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan iṣẹ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a yìn fún làákàyè yan èyí tí ó rọrùn, kí wọ́n má bàa tẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a yìn fún iṣẹ́ yan èyí tí wọn yóò ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ tí ó le, tí ó sì ṣòro fún gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n tún padà sí èyí tí ó rọrùn bí ti àkọ́kọ́, àwọn tí a yìn fún làákàyè kò ṣe dáradára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tí a yìn fún iṣẹ́ tún ṣe dáradára sí i. Wọ́n sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ iye máàkì tí ó gbà ránṣẹ́ sí ọmọ ilé-ìwé mìíràn. Àwọn tí a yìn fún làákàyè ni ó parọ́ jù.

Kí ni ó fà á? Ọmọ tí a sọ fún pé orí rẹ̀ pé ti rí ohun kan tí ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ bí ẹyin. Bí ó bá kùnà, ó di pé orí rẹ̀ kò pé mọ́ nìyẹn. Nítorí náà yóò máa sá fún ohun tí ó le. Ṣùgbọ́n ẹni tí a yìn fún iṣẹ́ mọ̀ pé bí òun bá kùnà, òun lè tún iṣẹ́ ṣe. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ọmọ tí a ń pè ní olódo nìkan. Oyè méjèèjì ni ó ń ba ọmọ jẹ́, èyí tí ó dùn létí àti èyí tí ó korò.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó wo àìsàn yìí sàn. Ọ̀rọ̀ náà ni "tíì." Bí ọmọ bá sọ pé, "N kò mọ ìṣirò ìdá," ó ti ti ilẹ̀kùn. Bí a bá kọ́ ọ láti máa sọ pé, "N kò tíì mọ ìṣirò ìdá," ó ti ṣí i sílẹ̀, ó sì lè bèèrè ohun tí ó kù kí òun ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Ní Adó-Èkìtì níbí ni a ti bí Olóyè Afẹ́ Babalọlá ní 1929. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó ní àǹfààní àtilọ nígbà èwe rẹ̀. Kò jókòó ní kíláàsì gírámà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń dá kàwé fúnra rẹ̀, títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí gírámà, tí ó sì gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó di lọ́yà ní 1963, ó di Àgbà Amòfin ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1987, ó sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 2009. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé ìwé rẹ̀ parí sí kíláàsì kẹfà, "kò tíì" ni ìdáhùn rẹ̀.

Àwa tí a ń gba Fájuyì kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn ẹni tí ó ni orúkọ náà fún àwọn ọmọ wa. Ọdún 1943 ni Adékúnlé Fájuyì wọṣẹ́ ológun. Ó di 1954 kí ó tó di ọ́físà, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ní 1966 ni a fi í ṣe gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ọdún náà gan-an ni a sì pa á ní Ìbàdàn. Ikú akọni tí ó kú ni àwọn ọmọ wa mọ̀. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa ọdún mọ́kànlá náà pẹ̀lú.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí o. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ewé yìí ń wò. Ní 2019, a gbé ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà tí iye wọn tó nǹkan bí 12,000. A fi ohun tí kò tó wákàtí kan kọ́ wọn pé òye lè dàgbà. Máàkì àwọn tí ó ti wà lẹ́yìn gòkè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ó sì ṣiṣẹ́ jù ní ilé-ìwé tí àwọn akẹgbẹ́ wọn ti ń gba iṣẹ́ líle mọ́ra. Nítorí náà, kí a má ṣe rò pé bí a bá ti ń pariwo "gbìyànjú, gbìyànjú," ó ti tán. Ọmọ tí ó ka ojú ìwé kan nígbà mẹ́wàá tí kò yé e, ọ̀nà mìíràn ni ó nílò, tàbí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un. Kí a tó sọ pé ọmọ kò fọkàn sí ìwé, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bí ojú rẹ̀ bá ń rí pátákó, bí etí rẹ̀ bá ń gbọ́ tíṣà, àti bí ó bá jẹun kí ó tó kúrò nílé.

ÀFOJÚSÙN TÍ A LÈ KÀ

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní baba àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Wọn kì í ṣe olówó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìtajà tí a kò ti ní fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ wọn jẹ. Wọn kò jókòó máa sọ pé, "Ọlọ́run yóò ṣe é." Wọ́n pinnu pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi pọ́n-ún kan sílẹ̀, wọ́n sì ń dá a díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gòkè dé tọ́rọ́ lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dá tọ́rọ́ yóò lo ọ̀sẹ̀ 80 kí pọ́n-ún kan tó pé. Wọ́n kó pọ́n-ún 28 jọ, wọ́n sì ṣí ilé ìtajà náà ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 1844. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń yọ náírà méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí a ti lè sọ ọ́ ní owó tiwa, kúrò nínú èrè wọn fún ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkà.

Nínú ìtàn yìí ni a ti lè kọ́ ohun tí àfojúsùn jẹ́. Bí ọmọ bá sọ pé, "Mo fẹ́ di dókítà," ìrètí ni ìyẹn. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè fi í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Àfojúsùn gbọ́dọ̀ ní iye, kí ó ní ọjọ́, kí ó sì ní ohun tí a ó máa ṣe lójoojúmọ́. Àwọn onímọ̀ méjì, Edwin Locke àti Gary Latham, ti fi hàn nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí pé ẹni tí a fún ní àfojúsùn tí ó ṣe pàtó tí ó sì le díẹ̀ ń ṣe dáradára ju ẹni tí a kàn sọ fún pé, "Ṣe é bí agbára rẹ bá ti mọ."

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ dáradára ṣe àpẹẹrẹ. Kí ó kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ 25 ni lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 12, tí kò ju téèmù kan lọ, ó ti di 300. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọmọ náà ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ owó àjẹṣẹ́kù wa sínú ìwé. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí òbí yẹ̀ ẹ́ wò. Òbí tí kò mọ ìwé kà lè ka iye ìlà. Bí ìlà bá dín, kí a bèèrè ìdí rẹ̀ kí a tó gbé pàṣán.

Ohun méjì ni kí a ṣọ́ra fún. Èkíní, a kì í fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀yáwó tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. A ń wo ohun tí ó ti kó jọ. Bákan náà, ọmọ tí ó gba 30 ní ìṣirò ní téèmù yìí, kí a má ṣe ní kí ó gba 90 ní téèmù tí ń bọ̀. Kí ó lépa 45 ná. Èkejì, àfojúsùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ. Bàbá tí kò rí ìwé òfin kà, tí ó wá ń ti ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ tipátipá, ẹ̀yáwó ara rẹ̀ ni ó fẹ́ kí ọmọ bá òun san.

ÌMOORE KÌ Í ṢE GBÈSÈ

Ọmọ Yorùbá kì í ṣe aláìmọ ọpẹ́ í dá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kúnlẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti ní "ẹ ṣeun, mà" nígbà mẹ́wàá. Àwọn àgbà sì ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ orí ahọ́n yàtọ̀ sí ọpẹ́ inú. Ìmoore tòótọ́ ń sọ ohun tí a ṣe àti ẹni tí ó ṣe é. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó fọ aṣọ ilé-ìwé mi kí n tó jí." "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà wa, tí ó dúró lẹ́yìn ilé-ìwé tí ó tún ìṣirò náà ṣàlàyé."

Ní 2008, Jeffrey Froh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ilé-ìwé 221. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan ń kọ ohun tí wọ́n lè dúpẹ́ fún sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn ń kọ ohun tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn ìyókù kò kọ nǹkan kan. Àwọn tí ń kọ ọpẹ́ sọ pé ilé-ìwé tẹ́ àwọn lọ́rùn ju bí ó ti tẹ́ àwọn yòókù lọ, ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a tún bèèrè lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọmọ tí ó rí i pé àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn òun kò ní tètè sá kúrò ní ilé-ìwé.

Níbí ni àwa òbí ti sábà máa ń ṣe àṣìṣe. Bí ọmọ bá kùnà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó sí i lọ́rùn: "Ṣé o mọ iye tí mo yá nítorí rẹ? Ṣé o mọ èlé tí mo ń san?" A rò pé ìmoore ni a ń kọ́ ọ. Gbèsè ni a ń gbé rù ú, ọmọdé kò sì ní ohun tí yóò fi san án. Ọmọ tí ó ń bẹ̀rù gbèsè yóò fi ìwé èsì rẹ̀ pamọ́. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ bí owó ti ń wá, ẹ mú un lọ sí oko ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí sí ìsọ̀, kí ó rí i fúnra rẹ̀, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá bá wa ru ẹrù. Ọmọ tí a kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹ̀kọ́ wà lára àwọn ìlànà tí gbogbo ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní àgbáyé fi ọwọ́ sí. Nítorí náà kò lòdì bí ẹgbẹ́ bá ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, bí ìpàdé gbogboogbò bá ti fọwọ́ sí i, tí a sì kọ ọ́ sínú ìwé:

1. Bí ẹgbẹ́ bá ń fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn ní ìpàdé ọdọọdún, kí ó má jẹ́ fún ẹni tí ó ṣe ipò kìíní nìkan. Kí ẹ̀bùn kan wà fún ọmọ tí ó gòkè jù. Ọmọ tí ó kúrò lórí 32 dé 51 ti fi máàkì 19 gòkè. Ẹni tí ó kúrò lórí 88 dé 90 fi méjì gòkè. Àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí a pàtẹ́wọ́ fún.

2. Kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ra ìwé kíkà tí àwọn ọmọ lè yá, kí akọ̀wé sì máa kọ orúkọ ẹni tí ó yá a àti ọjọ́ tí yóò dá a padà.

3. Kí àwọn tíṣà tí ó wà láàrin wa yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí iṣẹ́ kò tíì yé. Àwọn òbí náà á fi nǹkan mìíràn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

NÍ ỌJỌ́ TÍ ÌWÉ ÈSÌ BÁ DÉ

Ìwé èsì téèmù yóò tún wọ ilé wa láìpẹ́. Kí ẹ tó wo ipò tí ọmọ ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí. Ẹ lè kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àjẹṣẹ́kù yín kí ẹ má bàa gbàgbé:

Èwo ni ó gòkè nínú iṣẹ́ rẹ, kí sì ni o ṣe tí ó fi gòkè?

Èwo ni kò tíì yé ọ, kí ni a ó sì máa ṣe sí i lójoojúmọ́ ní téèmù tí ń bọ̀?

Ta ni ó ràn ọ́ lọ́wọ́, ǹjẹ́ o ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá sunkún, ẹ dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ ṣí ìwé kékeré náà, kí ẹ sì kọ àfojúsùn tuntun sí ìlà tí ó kàn. A ó rí ara wa ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀.